Ẹ Má Fà Á: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìka Tó Rọ́ Tàbí Tó Kán Nílé

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa ní Ìjòkà, níbí ní Àkúrẹ́, ń yí iṣu nínú odó, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń gún un. Ẹ mọ bí iyán ọjọ́ Àìkú ṣe máa ń rí: àlejò ti jókòó, ọbẹ̀ ti jinná, gbogbo ọwọ́ ń yá. Ìyá ò tíì yọ ọwọ́ tán tí ọmọ odó fi balẹ̀. Ìka òrùka rẹ̀ ló bá a. Kí n tó dé ibẹ̀, bàbá kan ti di ìka náà mú, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ ṣe ọkàn gírí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa fà á, á padà sáyè rẹ̀." Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ẹ má fà á." Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun lọ́jọ́ kejì, egungun ìka náà ṣẹ́ ni, kò yẹ̀ rárá. Kò sí ibi kankan tí fífà ìbá dá a padà sí.

Ìdí tí mo fi bẹ̀ wọ́n wà lára ọwọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bọ́ọ̀lù gún mi lórí ìka àárín lórí pápá kan ní Oǹdó. Ẹnìkan tó dàgbà jù mí lọ, tó sì fẹ́ràn mi, fa ìka náà títí ó fi dún. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi Aboniki ra á fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú rere ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Títí di òní, ìka yẹn kì í nà tán. Bí mo bá tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, oríkèé àárín rẹ̀ á dìde bí òrùlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní fọ́líbọ́ọ̀lù báyìí, ìka tó rọ́ ni mo sì ń rí jù lọ lórí pápá. Ohun tí mo ti kọ́ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, láti ìṣẹ́jú tó bá ṣẹlẹ̀ títí di ọjọ́ tí ìka á tún máa ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìka. Egungun mẹ́ta ló wà nínú ìka kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò nìkan ló ní méjì. Ibi tí egungun méjì ti pàdé ni oríkèé, iṣan líle tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lábẹ́. Bí bọ́ọ̀lù tàbí ilẹ̀kùn bá gún orí ìka tààrà, agbára rẹ̀ á lọ parí sí oríkèé, pàápàá oríkèé àárín. Iṣan lè nà kọjá ààlà, ó lè ya díẹ̀, ó lè já pátápátá, ó sì lè já pẹ̀lú ègé egungun kékeré. "Ó rọ́" ni a máa ń pe gbogbo wọn. Ẹni tó bá wá fa iṣan tó ti ya, yíya ló ń fi kún. Ẹni tó bá fa egungun tó ṣẹ́, ẹnu egungun tó mú bí ọ̀bẹ ló ń wọ́ gba àárín iṣan àti ẹran ìka kọjá. Kódà bí oríkèé bá yẹ̀ lóòótọ́, iṣan lè há sáàárín rẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fẹ́ wo fọ́tò rẹ̀ kó tó dá a padà.

Kọ́kọ́ bọ́ òrùka

Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, bọ́ gbogbo òrùka tó wà ní ọwọ́ náà, kì í ṣe ti ìka tó farapa nìkan. Wíwú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín wákàtí kan, òrùka tó ń yọ́ wọlé lánàá lè di okùn tó fún ìka lọ́rùn, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè kọjá mọ́.

Bí ó bá ti ń le, na ọwọ́ sókè ju àyà lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, fi ọṣẹ àti omi tàbí òróró ìsebẹ̀ pa ìka, kó o sì máa yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jáde. Má kàn fà á gbọnmọ-gbọnmọ. Bí ọṣẹ kò bá ṣiṣẹ́, tí ìka náà kò sì wọ́, ọgbọ́n òwú wà. Ti orí òwú ìránṣọ gba abẹ́ òrùka sí ìhà ọwọ́, kó o wá fi èyí tó kù wé ìka dáadáa, wíwé tó fara kan ara, láti etí òrùka títí yóò fi kọjá oríkèé. Lẹ́yìn náà, máa tú òwú náà láti ìhà ọwọ́, òrùka á máa bá a jáde. Bí ìka bá ti ń di àwọ̀ aró tàbí tó tutù, má fi àkókò ṣòfò mọ́, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ kí wọ́n gé òrùka náà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ìyàwó ilé tí wọ́n bá ní kí wọ́n gé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á jo òrùka náà padà.

Wò ó kó tó wú

Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìka fi máa ń ṣí sílẹ̀ fún wíwò. Tó bá wú tán, ohun gbogbo á fara pamọ́. Nítorí náà, jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó o gbé ọwọ́ kejì tó dá ṣáká sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o máa fi wé ara wọn.

Ṣé ìka náà tọ́, àbí ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ṣé àwọ̀ ti ya, àbí egungun yọ? Tẹ èékánná títí yóò fi funfun, kó o jọ̀wọ́ rẹ̀, kó o ka "ení, èjì". Kí o tó kà á tán, ó yẹ kó ti pọ́n padà. Fi òwú kan orí ìka ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì: ṣé ara mọ̀ ọ́n?

Lẹ́yìn náà, ká ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé rọra, bí ẹni fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́, ibi tí ìrora bá jẹ́ kó dé ni kó dé. Wo èékánná wọn. Gbogbo ìka ló yẹ kó dojú kọ ìdí àtàǹpàkò. Bí ọ̀kan bá gun orí èkejì, egungun ti ṣẹ́, ó sì ti yí po. Èyí kò ṣeé rí nígbà tí ìka bá nà gbalaja, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ó ku àyẹ̀wò méjì tí àwọn ọmọ mi lórí pápá ti mọ̀ bí orúkọ wọn. Di egungun àárín ìka náà mú kó dúró ṣinṣin, kí o ní kí ẹni náà ká orí ìka nìkan. Bí orí ìka kò bá ká rárá, iṣan tó ń ká a ti já. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìka òrùka jù, nígbà tí ẹnìkan bá di aṣọ ẹlòmíràn mú tó sì já gbà. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà, bí kò bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, iṣan náà lè sún kì tí kò ní ṣeé fà padà dáadáa mọ́. Wá ní kó na orí ìka náà. Bí ó bá kàn rọ̀ wálẹ̀, tí kò lè na ara rẹ̀, iṣan tó ń nà án ló já. Ìyẹn kì í dun èèyàn púpọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi di bárakú.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lọ́kàn pátápátá: "Bó bá ṣì ń mì, kò kán." Kì í ṣe òótọ́. Mo ti rí ọmọ tó fi ìka tó ṣẹ́ parí sẹ́ẹ̀tì méjì. Bí egungun bá ṣẹ́ láìyẹ̀, ìka lè máa ká, kó máa nà.

Fi ohun tútù sí i

Omi dídì ni oògùn ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, píọ̀ wọ́tà tó dì ló rọrùn jù, ẹni tó ń tà á kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Fi aṣọ tàbí tówẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, nítorí omi dídì tó bá kan ara ní ìhòòhò lè jó awọ bí iná. Gbé e lé ìka fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó o gbé e kúrò, kó o tún gbé e lé e lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí o bá wà lójúfò. Bí kò bá sí omi dídì, omi tútù inú àmù nínú abọ́ sàn ju asán lọ.

Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, má gbé omi dídì lé e: òtútù lè ru ìrora rẹ̀ sókè. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ṣọ́ra, torí kò ní mọ̀ bí òtútù bá ń pa á lára. Kí n tún fi èyí kún un fún àwọn abiyamọ: bí ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ bá wú, tó ń ké, tí kò sì sí ohun tó gbá a, kì í ṣe rírọ́ nìyẹn. Gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀nà tí fòníkú-fọ̀ladìde ń gbà kọ́kọ́ fara hàn lára ọ̀pọ̀ ọmọ nìyẹn.

Gbé ọwọ́ sókè ju ọkàn lọ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Lálẹ́, fi ìrọ̀rí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọwọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́, ìka rẹ̀ á máa lù kìkì bí ìlù.

Ní ti omi gbígbóná, Robb, Aboniki, òrí àti fífi ọwọ́ ra á: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ kan ìka náà fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ooru ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lábẹ́ awọ. Rírà ń ya ohun tó fẹ́ lẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ìyá àgbà bá gbé omi gbígbóná wá, kò rọrùn láti sọ pé rárá. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣé, màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹrin." Bí ọjọ́ kẹrin bá pé tí wíwú ti ń lọ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára.

Fún ìrora, paracetamol ni kó ṣáájú. Oníkóró 500 mg, àgbàlagbà lè lo méjì, kó tó tún lo òmíràn kó jẹ́ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má sì ju kóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, kì í sì í ṣe fún aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Má ra àdàlú oògùn tí wọ́n wé sínú ọ̀rá funfun lẹ́bàá ọ̀nà, o ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka oògùn rẹ̀, bi ẹni tó wà ní kẹ́míìsì léèrè.

So ó mọ́ ẹnìkejì rẹ̀

Bí ìka bá tọ́, tó ń ká tó sì ń nà, tí kò sì sí ọgbẹ́, sísopọ̀ ni ìtọ́jú tó kàn. Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́ igi rẹ̀. So ìka ìfábẹ̀lá mọ́ ìka àárín, so ìka òrùka mọ́ ọmọńdinrín. Bí ọmọńdinrín ló farapa, ìka òrùka ló ń gbé e. Àtàǹpàkò kò ní ẹnìkejì tí a lè so ó mọ́. Bí ìdí àtàǹpàkò bá ń dùn ọ́ lẹ́yìn tí o ṣubú lórí ọ̀kadà, tí o kò sì lè fi í mú bébà dání, lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí o nílò kò ju òwú àti pílásítà funfun ti kẹ́míìsì lọ. Gé pílásítà náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìka méjèèjì, torí awọ méjì tó bá ń lágùn pọ̀ máa ń bó. Na ìka méjèèjì rọra, kó o fi pílásítà kìíní wé wọn láàárín ìdí ìka àti oríkèé àárín, kó o fi èkejì wé wọn láàárín oríkèé àárín àti ti òkè. Má wé orí oríkèé fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ká.

Tẹ èékánná lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o kà á bí ti àkọ́kọ́. Bí ìka bá ń kú tipiri, tó tutù tàbí tó ń ṣú, tú u kíákíá kó o tún un wé. Tún máa wò ó bí wíwú bá ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ kìíní. Má lo rọ́bà, má lo sẹ́lótéèpù. Pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì tàbí nígbàkúgbà tó bá tutù, wẹ ọwọ́, gbẹ ẹ́ dáadáa kó o tó tún so ó. Èyí tó kàn rọ́ díẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó ya jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba mẹ́ta sí mẹ́rin.

Èyí tí kì í ṣe ti ilé

Ìka tó wọ́, tó gun orí èkejì, tó kú tipiri, tó funfun tàbí tó ṣú. Ìka tí orí rẹ̀ kò ká tàbí tí kò nà. Ìka tí oríkèé àárín rẹ̀ kò lè na ara rẹ̀. Ìka tí egungun rẹ̀ dùn wọra bí o bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan ṣoṣo: gbogbo wọn ni dókítà gbọ́dọ̀ rí, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tó kú tipiri, tó funfun tàbí tó ṣú kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Kí o tó gbéra, má tọ́ ọ. Wé e bó ṣe wà. Gé páálí kátọ́ọ̀nù tàbí mú ìdí ṣíbí onígi, fi òwú tẹ́ ẹ, gbé e sábẹ́ ìka, kó o wé e lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó ń dùn, má wé orí rẹ̀.

Bí ọgbẹ́ bá wà, fi omi tó mọ́ ṣàn án, bò ó pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kó o lọ kíákíá, kódà bó jẹ́ òru. Má da kẹrosíìnì sí i, má fi epo sí i. Bi wọ́n léèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tí eyín ẹlòmíràn gé ní ìka níbi ìjà, bó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, kó lọ lọ́jọ́ náà, torí ìdọ̀tí ẹnu ń wọ oríkèé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sábẹ́ èékánná tó ń lù kìkì, má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ú nílé, wọ́n á tú u fún ọ.

Ọmọdé ni mo máa ń yára gbé lọ jù. Egungun wọn ṣì ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé, ibẹ̀ ló sì rọ̀ jù. Èyí tí àgbà á pè ní rírọ́ lè jẹ́ kíkán lára ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Specialist, wà. Ní Oǹdó, ibùdó tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó farapa wà ní ọ̀nà Laje. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní Federal Medical Centre. Má dúró títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà yẹn, egungun ìka ti ń lẹ̀ mọ́ra bó ṣe wà, títọ́ tàbí wíwọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ìka lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, àwọn kan wà nínú wọn tí ọwọ́ wọn tutù, tí wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ní kí o lọ sí ilé ìwòsàn. Dídì tó le ló ń bà mí lẹ́rù. Igi tí wọ́n bá fi okùn dì pinpin sórí ìka tó ń wú yóò dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìka á ṣú, á kú, wọ́n á sì gé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìka, ó ti ṣẹlẹ̀ sí odindi ọwọ́ àwọn ọmọdé. Bí o bá ti lọ síbẹ̀, tí ìka sì ń ṣú tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lábẹ́ igi, tú u fúnra rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ.

Ẹni tí orí ìka rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ nílò sùúrù tó ju ti gbogbo wọn lọ. Wọ́n á fi nǹkan gbé orí ìka náà kó nà gbọnrangandan, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bó bá fẹ́ fọ ọ́, kó tẹ́ ìka sórí tábìlì, kí orí ìka má rọ̀ wálẹ̀ kódà fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá rọ̀, kíkà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Jẹ́ kó tún máa ká

Ìka máa ń le kíákíá. Bí ó bá jẹ́ rírọ́ lásán, láti bí ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ká ìka wọlé rọra, nà án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Kí iṣan rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe é, má fi ọwọ́ kejì tì í. Tó bá ti rọrùn, fún kàn-ìn-kàn-ìn tútù nínú ọwọ́. Bí egungun bá ṣẹ́, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí o máa bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Oríkèé àárín lè nípọn fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìrora ti lọ. Kì í ṣe pé ó tún ti rọ́. Má fi òrùka padà síbẹ̀ kí wíwú rẹ̀ tó lọ. Àwọn ọmọ mi kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí wọ́n á fi di ẹ̀ṣẹ́ tán láìrojú, tí ọwọ́ méjèèjì á sì fún nǹkan bákan náà, lẹ́yìn ìyẹn náà wọ́n á ṣì máa so ìka méjèèjì pọ̀ lórí pápá fún oṣù kan sí i.

Ìyá tó wà ní Ìjòkà ti gba páálí àti báńdéèjì báyìí, ìka náà tọ́. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lánàá: ọmọ rẹ̀ ló ń gún iyán, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì ń dúró láti yí i.